Ìwé àgbàtọ́ dúkìá ìdílé: Ohun tó yẹ kí ará Ìlọrin mọ̀, àti owó tó wà níbẹ̀

Kì í ṣe àìní ló ń tú ọ̀pọ̀ agboolé ká lẹ́yìn ikú baálé, bí kò ṣe dúkìá tí kò ní ètò. Ilé tí bàbá kọ́ kí gbogbo ọmọ lè rí ibi forí pamọ́ sí a di ohun tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní kóòtù. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń béèrè nípa ìwé àgbàtọ́ ìdílé, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní trust. Iye tó jẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n owó kíkọ ìwé kọ́ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé lásán kò lè dáàbò bo ilé.

Kí ni ìwé àgbàtọ́?

Ó jẹ́ ìwé tí ẹni tó ni dúkìá fi ń fa ilé, ilẹ̀ tàbí owó lé àwọn alágbàtọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n máa bójú tó o fún àǹfààní àwọn tí ó dárúkọ. Orúkọ alágbàtọ́ ni yóò wà lórí dúkìá náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Bí ó bá kó owó rẹ̀ sápò, àwọn tí a torí wọn ṣe é lè pè é lẹ́jọ́.

Ìwé ìhágún yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀yìn ikú ni ìwé ìhágún ń ṣiṣẹ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìwé àgbàtọ́ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ayé ẹni tó ṣe é. Dúkìá tí a bá ti fà lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ bó ti tọ́ kò sí lára ogún tí a óò pín mọ́.

Òfin wo ló dè ọ́?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Ìlọrin, ẹ̀sìn ẹni tó ni dúkìá ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ní 1971, nínú ẹjọ́ Adesubokun àti Yunusa, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ìwé ìhágún tí Mùsùlùmí kan kọ ní ìlànà òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n òfin ìwé ìhágún ti ìpínlẹ̀ Kwara yọ ẹni tí òfin Ìsìláàmù dè títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹjọ́ Ajibaiye, tó jáde nínú àkójọ ìdájọ́ ọdún 2007, fi èyí hàn: olóògbé kọ ọ́ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò gbà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún Mùsùlùmí. Èkíní ni wasiyyah, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá lọ, tí a kò sì lè fi fún ajogún àfi bí àwọn ajogún yòókù bá gbà. Èkejì ni hiba, ìyẹn ẹ̀bùn tí a fi lélẹ̀ lójú ayé. Ẹ̀kẹta ni waqf, òun ló sì jọ ìwé àgbàtọ́ jù. A kì í tà á, a kì í fi tọrẹ, a kì í sì í pín in gẹ́gẹ́ bí ogún. Èrè rẹ̀ nìkan ni àwọn tí a dárúkọ ń jẹ. Bí ìjà bá dé lórí rẹ̀, Kóòtù Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Area Court ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà sì ní àṣẹ lórí rẹ̀ lábẹ́ abala 277 ìwé òfin ọdún 1999.

Ẹni tí òfin Ìsìláàmù kò dè lè ṣe ìwé àgbàtọ́ ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò lè fi dúkìá de àwọn àrọ́mọdọ́mọ títí láé. Ẹ̀tọ́ àwọn tí yóò jẹ àǹfààní gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ láàárín ìgbà ayé ẹnì kan tó wà láàyè nígbà tí a ṣe é, àti ọdún 21 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Níbo ni owó ń lọ?

1. Agbẹjọ́rò: Ìlànà owó-iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó jáde ní 2023 ni a ń wò, ṣùgbọ́n bí dúkìá bá ṣe pọ̀ tó àti bí ọ̀rọ̀ ìdílé bá ṣe díjú tó ń fi kún un.

2. Ìyọ̀ǹda gómìnà: Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ilẹ̀ tó ní C of O kò lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà. Ọ́fíìsì KW-GIS ni a ti ń ṣe èyí ní Kwara. Iye tí dúkìá tó ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀, nítorí náà ó lè ju owó agbẹjọ́rò lọ.

3. Òǹtẹ̀ ìjọba: Láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba owó yìí, nípasẹ̀ KW-IRS.

4. Ìwé ilẹ̀: Bí ilẹ̀ kò bá ní ìwé tó pé, owó awọnlẹ̀ àti ti ìforúkọsílẹ̀ yóò kọ́kọ́ wọlé.

5. Ìnáwó ọdọọdún: Àtúnṣe ilé, owó-orí lórí owó háyà, àti owó-iṣẹ́ alágbàtọ́ bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ni kì í ronú kan èyí.

Ibi tí ètò ti ń bàjẹ́

Àwọn mìíràn a san owó agbẹjọ́rò, wọn a gba ìwé, wọn a tì í mọ́ inú àpótí. Wọn kò yí orúkọ dúkìá padà, wọn kò gba ìyọ̀ǹda, wọ́n sì ń gba owó háyà lọ títí wọ́n fi kú. Lábẹ́ òfin ilẹ̀, irú ìfilélẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò dúró. Ní mazhab Maliki tí a ń tẹ̀ lé ní Ìlọrin pẹ̀lú, ẹ̀bùn tàbí waqf tí a kò yọwọ́ nínú rẹ̀ kí ikú tó dé lè wó. Èyí tí a sì ṣe nínú àìsàn tó yọrí sí ikú kò ní kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta.

Nítorí náà, kí o tó sanwó, béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ títí dúkìá yóò fi jẹ́ orúkọ alágbàtọ́, kí o sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Yan alágbàtọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, kí ikú ẹnì kan má baà dá iṣẹ́ dúró. Bí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, jẹ́ kí ààfáà tó mọ òfin ogún ka ìwé náà kí o tó fọwọ́ sí i. Bí ilé kan ṣoṣo lo ní, tí owó ètò yìí sì ju agbára rẹ lọ, wasiyyah tàbí ìwé ìhágún tí ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín nínú rẹ̀ fọwọ́ sí lè tó ọ, gẹ́gẹ́ bí òfin tó dè ọ́ bá ti wí.