Nígbà Tí Mo Tún Wo Ọba Kò So

Ìtàn ni wọ́n ní kí n kọ sínú ìwé ọdún yìí. Eré orí ìtàgé kan ni n ó gbà sọ ọ́, nítorí eré náà kọ́ mi ní ohun tí ìwé ìtàn Faransé kò kọ́ mi. Orúkọ rẹ̀ ni Ọba Kò So.

Duro Ladipo ará Òṣogbo ló ṣe é. Ọmọ katikíìsì ni, òun náà sì ṣe iṣẹ́ tíṣà rí. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Ó gbé ìlù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní 1962 òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì kan, dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà pé ọdún kan, ní 1963, wọ́n ṣe Ọba Kò So. Ní 1964 eré náà dé Berlin, ní 1965 ó dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n sì fi ṣe é fún wọn níbẹ̀: oríkì, ọfọ̀ àti orin, pẹ̀lú bàtá. Ladipo ni Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ ni Ọya. Ó kú ní 1978, kí wọ́n tó bí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí eré náà. Ẹgbẹ́ òṣèré kan ló wá láti òdìkejì ẹnubodè, wọ́n ṣe é nínú àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo sìn lọ. Onísàngó ni. Bí òṣèré náà ṣe yọ, tòun ti irun dídì àti aṣọ pupa, tí iná bẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń kí ọba. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bú sẹ́rìn-ín. Mo yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lọ dúró lẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú.

Ó pẹ́ kí n tó kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá. Nígbà tí mo wá ka ọ̀rọ̀ eré náà lórí ìwé, mo rí i pé oríkì ni òṣèré yẹn ń gbọ́, tí Ìyá àgbà sì ń gbè é. Nínú gbogbo àwa tí a wà lágbàlá lọ́jọ́ náà, bóyá òun nìkan ni ohun tí wọ́n ń sọ yé délẹ̀délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn inú eré náà wá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń kùn pé ogun ti pọ̀ jù, nítorí akọni méjì tó wà lábẹ́ Ṣàngó, Tìmì àti Gbọ́nkáà. Ọba fẹ́ tẹ́ ìlú lọ́rùn. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, Tìmì sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ó rán Gbọ́nkáà lọ mú un wá, Gbọ́nkáà sì fi ọfọ̀ mú un. Wọ́n tún jà ní Ọ̀yọ́, Gbọ́nkáà tún borí, ó sì kọjú sí ọba. Inú bí Ṣàngó, ó pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀, Ọya fi í sílẹ̀, ó sì lọ pokùnso.

Ìwé Samuel Johnson, tó jáde ní 1921, kò sọ ọ́ báyẹn. Ìgbà ọba Korí ló fi Tìmì àti Gbọ́nkáà sí. Ohun tó sọ nípa Ṣàngó ni pé ó dán oògùn ààrá wò, ààrá jó ààfin òun fúnra rẹ̀, aya àti ọmọ rẹ̀ kú, ìbànújẹ́ sì lé e dé Kòso. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín pé ọba so, àwọn ọ̀rẹ́ náà lọ kọ́ bí a ti ń pe ààrá sílé ọ̀tá. Ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàrìbá ni wọ́n ti kọ́ ọ, àwọn aládùúgbò ará Ṣábẹ̀! Ilé ń jó lọ́tùn-ún lósì, ẹnu ìlú sì yí padà: ọba kò so. Ìwé kan náà ló kọ ọ́ pé ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà ló bí Alákétu, àti pé àbúrò obìnrin náà, Ọ̀rànyàn, ló bí Ṣàngó. Bí a bá gba ti Johnson, ìbátan wa ni ọba tó so yìí.

Ní ọdún tó kọjá mo tún wo eré náà, ní ìlú kan ní Nàìjíríà, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀. Fóònù ni gbogbo ènìyàn gbé sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, iná ẹnu Ṣàngó kò gbà mí lójú. Àwọn ará ìlú ni mo ń wò, àwọn tó ń kùn lẹ́yìn ọba, tí wọ́n sá nígbà tó bínú, àwọn náà ló sì wá ń pariwo níkẹyìn pé kò so. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bá wọn pariwo. Báyìí, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun.

Àwa náà ńkọ́? Ní 1886 ni ogun Dàhọ̀mì run Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Ó di 1894, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, kí a tó tún ìlú tẹ̀ dó. A máa ń mú àlejò lọ wo Àkábà Ìdẹ́nà, a ó máa ròyìn agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè nípa 1886, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ nílé rí. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń tán lọ.

Bí a ti ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ mi béèrè pé: “Bàbá, ṣé ọba so ni àbí kò so?” Mo fẹ́ fi ti Johnson dá a lóhùn, bí tíṣà. Mo rántí Ìyá àgbà lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo sọ méjèèjì fún un, mo sì sọ bí mo ṣe sá fún ìyá àgbà mi lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kọ́ òun ní oríkì tí ìyá náà ń sọ. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ni mo kọ́ ọ, kí a tó dé ẹnubodè.