Ọwọ́ Ló Kọ́kọ́ Mọ̀ Ọ́n: Nípa Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń lò lóde òní nígbà tí a bá fẹ́ mọ ibi tí oníṣẹ́ ọnà ti rí ohun tí ó gbé jáde. Ìmísí ni à ń pè é. Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ yóò rí i pé èémí ni ó wà nínú rẹ̀: ẹnìkan ni ó mí sí ẹlòmíràn. Inú Bíbélì ni ó ti bọ́ sí ẹnu gbogbo wa, ibẹ̀ ni ó sì bá mu jù. Bí a bá gbé e dé orí ayàwòrán àti agbẹ́gilére, ó máa ń mú wa rò pé láti ìta ni gbogbo nǹkan ti wá, bí ẹni pé igbá òfìfo lásán ni oníṣẹ́ ọnà jẹ́. Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ojú ọnà ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó ní ojú ọnà ni ẹni tí ó rí i, tí ó sì mọ bí yóò ṣe dá a sí ara igi, aṣọ tàbí awọ.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Òṣogbo ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo ti kà á nínú ìwé tí ó ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọn kò mọ nǹkan kan. Àwọn òyìnbó dé, wọ́n fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Àlá àti òrìṣà sì tú jáde lọ́kàn wọn bí omi. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní ọdún 1950 ni Ulli Beier àti Susanne Wenger dé Ìbàdàn. Ní 1961 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbárí sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún kejì, Dúró Ládiípọ̀ àti Beier sọ ilé ọtí tí Ládiípọ̀ ní ní Òṣogbo di irú ibùdó kan náà. Èdè Ìgbò ni Mbárí, ilé amọ̀ tí wọ́n ń kọ́ fún òrìṣà ilẹ̀ ní agbègbè Owerri ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Ní 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀ láti ya àwòrán. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kí wọ́n tó di búrọ́ọ̀ṣì mú?

Ẹ wo Àsírù Ọlátúndé, tí a bí ní 1918, tí ó sì kú ní 1993. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ìdí owú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Àìlera ni kò jẹ́ kí ó lè máa lu irin líle mọ́, ni ó bá yà sídìí bàbà, ó ń lù ú di yẹtí àti ẹranko kéékèèké. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ yìí ni àwọn òyìnbó náà kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàbà àti álúmíníọ̀mù fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀, tí ó ń fi ìtàn kún inú wọn: igi tí ẹyẹ àti ẹranko kún orí rẹ̀, ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ọdún Ọ̀ṣun, àti ìtàn inú Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ilé Mùsùlùmí ni ó ti wá. Bí a bá sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ojú òòlù ni a ó rí, kékeré, kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò sí ọ̀kan tí ó wú ju èkejì lọ. Kò sí àlá tí í kọ́ ènìyàn ní ìyẹn. Ọwọ́ tí ó ti ń lu irin láti ìgbà èwe ni ó mọ ibi tí bàbà yóò gbà á, àti ibi tí yóò ti ya.

Adébísí Àkànjí ni ó kàn mí jù, nítorí bíríkìlà ni, bíríkìlà sì ni bàbá tí ó bí mi. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà dé ti mú irú ilé kan wọ Èkó, ilé alájà tí ó ní fèrèsé olórí rìbìtì àti òpó tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Irú ilé yìí tàn dé òkè. Àwọn bíríkìlà wa kò sì fi í mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún àti erin sí iwájú ilé àwọn ọlọ́rọ̀, àwọn tí wọn kò rí kìnnìún rí láyé wọn. Inú àṣà yìí ni Àkànjí ti jáde. Ògiri sìmẹ́ǹtì tí ó ní ihò, tí ó kún fún ènìyàn àti ẹranko, ni ó fi di olókìkí. Ilé epo kan ní Òṣogbo pàápàá gba irú rẹ̀ sára. Nígbà tí Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, Àkànjí wà lára àwọn tí wọ́n bá a ṣe é. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àlejò tí ó ti igbó náà jáde pé ta ni ó ṣe àwọn ère ńláńlá wọ̀nyẹn. Orúkọ kan ṣoṣo ni yóò dá.

Ní ti àwọn ayàwòrán, ìdí tíátà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Jimoh Buraimoh ni ó ń tan iná fún ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀. Mùráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, jẹ́ òṣèré àti onílù níbẹ̀. Rufus Ògúndélé náà ń ṣeré. Twins Seven-Seven, ọmọ Ògìdì, ń jó fún ẹnìkan tí ń polówó òògùn nígbà tí ó dé Òṣogbo ní 1964. Ọba Mọ́rò ni wọ́n fi ṣí Mbárí Mbáyọ̀, Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, ó sì dé Berlin ní 1964. Ẹni tí ń wo Ṣàngó lórí ìtàgé lóru lẹ́yìn òru, tí ó mọ ìgbà tí iná yóò pupa àti ìgbà tí yóò ṣú, ṣé a ó sọ pé kò mọ nǹkan kan nípa àwọ̀? Ìlẹ̀kẹ̀ tí Buraimoh wá ń lẹ̀ mọ́ pákó lẹ́yìn náà, ara adé ọba ni gbogbo wa ti kọ́kọ́ mọ irú rẹ̀.

Àwọn obìnrin tún wà, tí ìwé kì í dárúkọ wọn rárá. Ìlú aláró ni Òṣogbo. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá wọ̀nyí fi ń ya àrà sórí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ẹyẹ, ewé, ejò, kò sí àyè kan tí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí mo bá wo bí Twins Seven-Seven ṣe ń fi ilà tín-ín-rín kún gbogbo ara ẹranko abàmì rẹ̀, ìwé Tutùọlá ni àwọn kan ń rántí; adìrẹ ni èmi ń rántí. Àdùnní pàápàá jókòó ti iṣẹ́ ẹ̀kọ yìí, ó sì fi ya aṣọ ńláńlá. Níkẹ Okundaye, tí ó di olókìkí lẹ́yìn wọn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògìdì ni ó ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Kódà Yusuf Grillo, tí kò bá wọn dé Òṣogbo, tí ó jẹ́ pé Zaria ni ó ti kàwé ọnà, aró ni mo ń rí nínú gbogbo búlúù tí ó fi ń ya àwòrán.

N kò sọ pé àwọn òyìnbó náà kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n fún àwọn ènìyàn yìí ní àyè, wọ́n wá olùrà fún wọn, wọ́n sì sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń ṣe níye lórí, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa ń fi irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ìtàn àlá ni ó ṣe ìpalára. Nígbà tí olùrà ti mọ̀ pé iwin àti òrìṣà ni òun ń wá, iwin àti òrìṣà ni wọ́n ń kùn fún un, ẹni tí kò di òòlù mú rí, tí kò jókòó ti ìyá aláró rí, ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ láti tà á fún àlejò. Mo ti rí àwòrán mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí ojú wọn kò yàtọ̀ síra.

Ní 1965 ni ìjọba ti fi igbó Ọ̀ṣun ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 2005 UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ní 2009 Àdùnní sì lọ. Mo mú bàbá mi lọ síbẹ̀ nígbà tí ó ti darúgbó. Mo ń ṣàlàyé Ọbàtálá àti Ọ̀ṣun fún un, kò dá mi lóhùn. Ó ti lọ gbé ọwọ́ lé ara ère kan tí ó sán, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi èékánná kàn án. Ó ní irin tí wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀ ni omi òjò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti dípẹtà, ó ti wú, òun ni ó ń ti sìmẹ́ǹtì síta. Ó ní bí wọ́n bá kàn rẹ́ ẹ lójú, yóò tún sán. Àfi kí wọ́n gé e dé ibi tí irin náà wà. Ó tún fi ọwọ́ pa ibi tí kò tíì bàjẹ́, ó ní ẹni tí ó po èyí mọ ìwọ̀n omi. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní orúkọ bíríkìlà tí ó ṣe é. Mo wá orúkọ kiri ara ère náà, n kò rí i.