Gbèdéke Nọ́ńbà àti Àlàyé tí Aṣojú Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Nílò

Nínú àwọn irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń ṣe fún aṣojú ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ tí ó sì ń pinnu fúnra rẹ̀ ohun tí yóò ṣe tẹ̀ lé èyí tí ó ṣe tán, agbára káká ni a ó fi rí èyí tí ó kéré tó irinṣẹ́ tí ó ń yẹ nọ́ńbà wò bóyá ó wà láàárín gbèdéke ìsàlẹ̀ àti gbèdéke òkè. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ti tó láti kọ ọ́, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó àlàyé. Èrò yìí kò tọ̀nà. Kóòdù irinṣẹ́ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ aṣojú; ohun tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ, ìpínrọ̀ àlàyé, àti ìlànà nípa ohun tí irinṣẹ́ náà ń gbà wọlé, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi JSON Schema kọ. Bí ó ṣe rí nìyẹn nínú Model Context Protocol, ìlànà tí a fi ń so aṣojú pọ̀ mọ́ irinṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Bí nǹkan kò bá yé ènìyàn tí ń kọ ètò, ó lè ṣí kóòdù wò tàbí kí ó bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Aṣojú yóò méfò ni.

Àwọn kan lè béèrè ohun tí aṣojú tí ó lè kọ àròkọ fẹ́ fi irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdáhùn wà nínú ọ̀nà tí àwòṣe èdè, ẹ̀rọ tí wọ́n fi òkìtì àkọsílẹ̀ kọ́ tí ó sì jẹ́ òpó ọgbọ́n aṣojú náà, ń gbà ṣiṣẹ́: ègé lẹ́yìn ègé ni ó ń kọ nọ́ńbà, bí ó ṣe ń kọ gbólóhùn, kì í wọn ìtóbi rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìṣirò. Ní 2024, àwọn àwòṣe tí òkìkí wọn kàn ń sọ fún àwọn tí ń lò wọ́n pé 9.11 tóbi ju 9.9 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni etí gbèdéke. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó bá a mu: bí ẹ̀rọ tí ń wọn ooru bá ka 8 gééré, ṣé ó ṣì wà nínú ààlà àbí ó ti jáde? Nínú èdè Python, range(2, 8) kò ka 8 mọ́ ọn. Nínú èdè SQL, BETWEEN 2 AND 8 kà á. JSON Schema pàápàá, tí ó fi minimum àti maximum dúró fún gbèdéke tí a kà mọ́ ọn, yí ìlò exclusiveMinimum, tí ó wà fún gbèdéke ìsàlẹ̀ tí a kò kà mọ́ ọn, padà: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iye rẹ̀ nínú Draft 4, ṣùgbọ́n láti Draft 6 ni ó ti di nọ́ńbà. Edsger Dijkstra, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Netherlands, jiyàn ní 1982 pé ó sàn kí wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì yọ òpin sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tí ń ná ọjà ọrún ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn, nípa bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹlòmíràn kà sí ọjọ́ mẹ́rin di márùn-ún lọ́wọ́ wọn. Kò sí èyí tí ó ṣìnà nínú àwọn àṣà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni àwòṣe èdè ti kà pọ̀, bí àlàyé bá sì kàn ní "láàárín", kò sí bí yóò ṣe mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Gbólóhùn tí yóò yanjú rẹ̀ kò gùn rárá: "2 àti 8 wà nínú ààlà, 8.01 kò sí níbẹ̀."

Ìdáhùn irinṣẹ́ náà tún gba àlàyé tirẹ̀, nítorí pé "kò sí nínú ààlà" lásán kò sọ ìhà tí nọ́ńbà náà gbà jáde. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú B bá di yìnyín, agbára rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì máa ń mi ìgò rẹ̀ láti wo bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ooru ni ó mú un, àmì ara ìgò tí ó ń yí àwọ̀ padà ni wọn yóò wò, àmì yìí kì í sì í sọ ohunkóhun nípa dídì. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bákan náà ni òṣùwọ̀n: 41 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ni 5 lórí ti Celsius, irinṣẹ́ tí kò bá sì sọ èyí tí ó ń gbà yóò kọ ooru tí ó dára.

Ewu tí ó fara sin jù ni ti NaN, àmì tí òfin IEEE 754 ti 1985 yàn fún èsì tí kì í ṣe nọ́ńbà, irú èyí tí ètò lè fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ tí ń wọn ooru bá bàjẹ́. Bí wọ́n bá béèrè bóyá NaN kéré ju nọ́ńbà kan lọ tàbí ó tóbi jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èsì méjèèjì. Nítorí náà, kóòdù tí ó bá ń lé ohun tí ó kéré ju 2 tàbí tí ó tóbi ju 8 jáde yóò jẹ́ kí NaN kọjá, nígbà tí kóòdù tí ó ń gba kìkì ohun tí ó bọ́ sáàárín méjèèjì wọlé yóò lé e. Kóòdù méjèèjì kò yàtọ̀ síra lórí nọ́ńbà tòótọ́ kankan, àlàyé nìkan ni ó sì lè sọ èyí tí ó wà nílẹ̀ fún aṣojú.

Ohun tí àìsí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lè fà ti hàn ṣáájú ìgbà àwọn aṣojú. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní French Guiana, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi fọ́ túútúú lójú ọ̀run. Ètò ìdarí rẹ̀ fẹ́ kó nọ́ńbà oníbíìtì 64 sínú àyè oníbíìtì 16, tí kò lè gba ju 32,767 lọ, nọ́ńbà náà sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Jacques-Louis Lions darí rí i pé irú nọ́ńbà méje ni ó wà nínú ewu yìí, pé mẹ́rin ni wọ́n dáàbò bò, pé wọ́n sì fi mẹ́ta sílẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé kò lè kọjá ààlà. Èyí jẹ́ òótọ́ fún Ariane 4, tí wọ́n ti mú ètò náà wá, ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà Ariane 5 yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò rí ìdí ìpinnu yìí níbì kankan nínú kóòdù fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé aṣojú fúnra rẹ̀ ni ó ń yan gbèdéke nígbà tí ó bá ń pe irinṣẹ́, kò sí ohun tí yóò dí i lọ́wọ́ láti sọ 8 di 10 kí iṣẹ́ lè máa lọ. Nítorí náà, àlàyé gbọ́dọ̀ sọ ibi tí gbèdéke ti wá, ẹni tí ó ní àṣẹ láti yí i padà, àti pé nígbà tí nọ́ńbà bá kọjá ààlà, kí aṣojú dúró, kí ó fi tó ènìyàn létí, kí ó má ṣe tún fi gbèdéke mìíràn pe irinṣẹ́ náà.