Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọkọ̀ ní Ìwó

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, tí ìjọba ní kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé, kò ṣe àjèjì sí ará Ìwó. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń fin ẹwìrì tipẹ́ kó tó mọ irin ín rọ. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni panẹbítà jogún. Láti 1975, tí Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó ti ń to ọkọ̀ pọ̀, iṣẹ́ dé. Ọmọ-iṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá, a sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí irin ti tẹ̀ wọnú. Kò sí ìwé níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì bàjẹ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ ni ó fi àléébù ẹ̀kọ́ àwòṣe hàn. Lẹ́yìn Àdéhùn Montreal ti 1987, tí a ṣe nítorí àwọn gáàsì tí ń ba òsóònù òfuurufú jẹ́, àwọn aṣeọkọ̀ pa gáàsì R-12 tì, wọ́n mú R-134a. Méjèèjì kò láwọ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òróró tí ó bá ọ̀kan lọ kò bá èkejì lọ, àṣìṣe ibẹ̀ a sì máa ba kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ́. Báwo ni ọ̀gá tí ó gba òmìnira ní 1980 yóò ṣe kọ́ ọmọ-iṣẹ́ ní ohun tí a kò kọ́ òun? Àjọ NDE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986, ń fi ọ̀dọ́ sábẹ́ àwọn ọ̀gá, ó sì fi kíláàsì ọjọ́ Sátidé kún un. Ọmọ-iṣẹ́ ni a ṣe kíláàsì náà fún. Ọ̀gá wà ní ṣọ́ọ̀bù.