Àwàdà àti Ìwà Ọmọlúàbí Níbi Tí A Ti Ń Fún Òǹkọ̀wé Ní Àmì-Ẹ̀yẹ

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ayẹyẹ tí kò ní ẹ̀rín nínú kì í dùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá ń fún òǹkọ̀wé ní àmì-ẹ̀yẹ, ẹbí rẹ̀, àwọn àgbà ìlú àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ló máa ń jókòó níwájú. Ẹyin lohùn: bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Nítorí náà la ṣe kọ àlàyé yìí fún ẹni tí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀.

Ìkíni ló ṣáájú. Ẹ kí ọba, àwọn ìjòyè, àwọn àgbà àti àwọn àlejò kí ẹ tó dẹ́rìn-ín pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà a tọrọ àyè pé: "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Àwọn àgbà a dá a lóhùn pé: "Wà á rí òmíràn pa." Bí òwe ṣe ń fẹ́ àyè, bẹ́ẹ̀ náà ni àwàdà.

Wọlé Ṣóyínká fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1986, ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní Stockholm, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Níbi àsè alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní Ògún ti fọ́ àpáta lànà fún àwọn òrìṣà yòókù tipẹ́tipẹ́ kí Alfred Nobel tó dé. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ó gbé òrìṣà ilé rẹ̀ ga, ó sì fi ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀bùn náà ṣe ẹgbẹ́ Ògún.

Nígbà mìíràn, ìwé fúnra rẹ̀ ló ń pani lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2010, Florent Couao-Zotti, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, gba Prix Ahmadou Kourouma fún ìwé tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé bí àgbàlá àgùntàn bá dọ̀tí, ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wí i. Ẹni tó bá ń ka irú àkọlé bẹ́ẹ̀, kó kà á ketekete, kó sì dákẹ́ díẹ̀. Òǹkọ̀wé ló ni ẹ̀rín yẹn.

Àwọn nǹkan tí a kì í fi ṣe àwàdà nìyí: ara ènìyàn, ìlú rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, ẹnu tó fi ń sọ èdè, àti àwọn tí kò gba ẹ̀bùn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹnìkan ṣẹ̀fẹ̀, ẹ fi ara yín ṣe é. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ òǹkọ̀wé ṣáájú, kí ẹ má baà fi ohùn Faransé pè é níwájú bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ju yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ tẹríba, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé. Ẹni tó bá jókòó kọ ìwé ní Yorùbá láàárín wa, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Bí a bá fi àmì ohùn tó ṣì kọ ṣe yẹ̀yẹ́ níta gbangba, ọmọ tó ní ìwé ìtàn tirẹ̀ nílé yóò lọ fi í pamọ́. Bí àwàdà kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ gbé e mì.