Kí Gan-an Ni A Fẹ́ Sọ Nípa Ogun Kírìjì?

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin jọ kọ iṣẹ́ kan lórí ogun Kírìjì. Ojú ewé 14 ni. Ọdún wà níbẹ̀, orúkọ àwọn balógun wà níbẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ wa dá a padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ sí orí rẹ̀: "Kí ni ẹ ń sọ?"

Ó dùn wá. Àmọ́ nígbà tí a tún iṣẹ́ náà kà, a rí i pé òótọ́ ni. Gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀ sọ pé Kírìjì jẹ́ ogun pàtàkì nínú ìtàn Yorùbá. Ta ló máa bá wa jiyàn lórí ìyẹn? Ohun tí gbogbo ayé ti gbà tẹ́lẹ̀ kò nílò ojú ewé 14.

Àwọn àgbà onímọ̀ ìtàn wa kì í kọ́ ilé láìfi òpó sí i. Ìwé tí Kenneth Dike gbé jáde ní 1956 lórí Niger Delta kò kàn to ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní àyípadà nínú òwò ló yí ìṣèlú ibẹ̀ padà. Ní 1965, J. F. Adé Àjàyí kọ ìwé lórí àwọn míṣọ́nnárì láti 1841 sí 1891. Láti orí àkọlé ló ti sọ èrò rẹ̀: iṣẹ́ wọn ló bí àwọn aṣáájú tuntun tó kàwé. Ẹni tó bá fẹ́ tako wọn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa náà padà sídìí iṣẹ́. Gbólóhùn wa kejì ni: "Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló fa ogun Kírìjì." Ó sàn díẹ̀, torí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ lóòótọ́ ní 1878. Ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

A wá kọ ẹ̀kẹta: "Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ ló dá ogun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́ ni kò jẹ́ kí Ìbàdàn borí." Inú wa dùn, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìbàdàn, yarí. Ó ní ṣé a gbàgbé pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, tí Ìlọrin náà sì ń bá a jà l'Ọ́fà? A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn, a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú gbólóhùn náà: "Lóòótọ́, ojú ogun Ìbàdàn pọ̀, ṣùgbọ́n ní Kírìjì gan-an, ìbọn láti Èkó ló sọ ogun náà di ọ̀mì."

Láti ìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta la fi ń yẹ gbólóhùn wa wò. Ṣé ẹnì kan lè bá wa jiyàn lórí rẹ̀? Ṣé a ní ẹ̀rí tó lè gbè é? Tí a bá yọ ọ́ kúrò, ṣé iṣẹ́ náà máa wó? Tí kò bá wó, a ò tíì sọ nǹkan kan.