Iyùn Rírọ̀ Inú Táǹkì Gíláàsì: Bí Òkun Ṣe Wọ Inú Ilé

Iyùn rírọ̀ ni ẹ̀yà iyùn tí kò ní egungun líle tí ń di òkìtì òkúta sábẹ́ òkun. Ẹranko ni, kì í ṣe ewéko. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá kéékèèké tí à ń pè ní pólípì ló so pọ̀ di ara kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ọwọ́ mẹ́jọ yí ẹnu ká. Iyùn pupa tí àwọn ọba Bìní àti ọba ilẹ̀ Yorùbá ń lò sọ́rùn jẹ́ ìbátan rẹ̀: òun náà lọ́wọ́ mẹ́jọ, àmọ́ egungun tirẹ̀ le tó ohun tí a ń gbẹ́ ní ìlẹ̀kẹ̀.

Lónìí, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹ̀dá òkun nínú ilé, iyùn rírọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fà lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní ó rọrùn. Ìrọ̀rùn yẹn kò ṣàdédé wá. Ohun tí òkun ń ṣe fún iyùn lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ènìyàn ń ṣàwárí rẹ̀, ó sì ju igba ọdún lọ kí wọ́n tó kó o pé.

Òdòdó ni tàbí ẹranko?

Ní 1706, Luigi Ferdinando Marsigli, ọmọ ìlú Bologna ní Ítálì, wà ní etíkun Cassis nítòsí Marseille ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn apẹja ti ń wa iyùn pupa. Ó mú ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde, ó tì í bọ inú ohun èlò gíláàsì tí omi òkun kún inú rẹ̀. Láìpẹ́, àwọn nǹkan funfun oníka mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ẹ̀ka náà. Bí ó bá gbé e kúrò nínú omi, wọ́n á kó wọlé. Bí ó bá dá a padà, wọ́n á tún yọjú. Marsigli ní òdòdó nìyẹn, ewéko sì ni iyùn.

Ní àwọn ọdún 1720, Jean-André Peyssonnel, dókítà ará Marseille, tún un wò ní etíkun ìlú rẹ̀ àti ní àríwá Áfíríkà. Ó rí i pé ohun tí wọ́n pè ní òdòdó ń mira, ó ń káwọ́ kò bí a bá fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹranko ni. Réaumur, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris, rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò kó ìtìjú bá ẹni tí ó sọ ọ́, nítorí náà nígbà tí ó ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò dárúkọ Peyssonnel. Ó di àwọn ọdún 1750 kí Royal Society ní London tó tẹ iṣẹ́ ọkùnrin náà jáde.

Atẹ́gùn àti iyọ̀

Ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster, Anna Thynne, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú iyùn ààyè jìnnà sí òkun tí kò sì kú. Ní 1846, ó rí iyùn kéékèèké ní Torquay, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán wọn mọ́ kànrìnkàn, ó sì gbé wọn dé London nínú ìkòkò. Nígbà tí omi òkun wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa da omi tí ó wà nílẹ̀ láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Ní 1847, ó ránṣẹ́ mú ewé òkun àti òkúta tí nǹkan hù sí lára wá láti Torquay, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ náà sì fúyẹ́. Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà, ṣàlàyé irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú omi aláìníyọ̀ ní 1850: ewéko ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, ẹran inú omi ń mí i.

Ní 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja rẹ̀ fún aráàlú. Ní 1854, Philip Henry Gosse gbé ìwé rẹ̀, *The Aquarium*, jáde, ó sì tún tẹ ìlànà bí a ṣe lè po omi òkun láti inú oríṣiríṣi iyọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí etíkun wá lè po omi òkun tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkun tútù ni òkun Gẹ̀ẹ́sì. Iyùn rírọ̀ tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀, Alcyonium digitatum, kò gbára lé oòrùn. Ohun tí omi bá gbé kọjá ni ó ń mú jẹ. Gosse àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè rí ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ kọ́ lára rẹ̀.

Òkúta àti ìmọ́lẹ̀

Iyùn ilẹ̀ olóoru ni ẹ̀kọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ẹran ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ewéko tín-ín-tín kan ń gbé, irú èyí tí Karl Brandt, ará Jámánì, sọ ní Zooxanthella ní 1881. Ayálégbé tí ń fi oúnjẹ san owó ilé ni: ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó ń ṣe ṣúgà, ó sì ń fún onílé nínú rẹ̀. Bí ilé bá ṣókùnkùn pẹ́, ebi á pa onílé.

Ní 1956, René Catala ṣí ilé ẹja kan ní Nouméa, ní New Caledonia, níbi tí iyùn ti ń gbé nínú omi tí ń wọlé láti inú òkun. Ohun tí ó kù ni bí ẹni tí kò ní òkun lẹ́yìnkùlé yóò ṣe é. Lee Chin Eng, ará Jakarta, sọ ọ̀nà tirẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1961. Kò lo asẹ́ kankan. Òkúta inú òkun tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀ ni ó tò sínú táǹkì, ó jẹ́ kí oòrùn máa wọlé, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú omi. Bakitéríà inú ihò òkúta náà ló ń sọ amóníà tí ń jáde lára ẹja di ohun tí májèlé rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí Thynne ti fọwọ́ bà pẹ̀lú òkúta Torquay ni Lee sọ di ìlànà. Láàárín àwọn ọdún 1960 náà ni iyọ̀ òkun tí a ti pò sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ lọ́jà.

Iná ni àwọn olùtọ́jú tí ń sọ èdè Jámánì fi kún un. Peter Wilkens gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dá òkun aláìléegun-ẹ̀yìn jáde ní 1973. Ní Berlin, Dietrich Stüber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da òkúta ààyè pọ̀ mọ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ gan-an àti ẹ̀rọ tí ń fi ìfófó kó ìdọ̀tí jáde nínú omi. Pẹ̀lú ọ̀nà Berlin yìí, iyùn olókùúta pàápàá ń dàgbà nínú ilé. Ìgbà náà ni iyùn rírọ̀, tí ó ti ń fara da táǹkì tí kò pé, wá di ti akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ọdún 2000, iná LED, tí kì í mú omi gbóná púpọ̀, jẹ́ kí táǹkì orí tábìlì túbọ̀ rọrùn láti tọ́jú.

Ìdí tí ó fi rọrùn

Abẹ́rẹ́ òkúta tín-ín-tín ló fọ́n káàkiri ara iyùn rírọ̀ dípò egungun ńlá, nítorí náà kì í fa kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀ nínú omi. Ìmọ́lẹ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó o, ó sì lè gba omi tí kò mọ́ tónítóní.

Sarcophyton, tí orí rẹ̀ fẹ̀ lórí ọ̀pá kúkúrú, gbajúmọ̀ gan-an. Nígbà míì, á kó gbogbo pólípì rẹ̀ wọlé fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ awọ ni ó ń bọ́. A lè fi abẹ gé e, kí ègé náà sì di odidi. Ní ti Xenia, ṣe ni ó ń ṣí ọwọ́ tí ó ń pa á dé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìbátan rẹ̀, Heteroxenia, ní Eilat ní Ísírẹ́lì, tí ó jáde ní 2013, fi hàn pé ìmira náà ń gbá ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù dànù, kí ewéko inú ara rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n tún ń ta Discosoma àti Zoanthus mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìdílé ọlọ́wọ́ mẹ́jọ.

Omi kékeré ló ń dán olùtọ́jú wò. Omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan, 24 sí 26°C sì bá iyùn lára mu. Bí lítà méjì bá fẹ́ lọ nínú táǹkì lítà 40, omi nìkan ló lọ, iyọ̀ dúró, gíráàmù 35 á sì súnmọ́ 37. Nínú táǹkì lítà 400, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Omi aláìníyọ̀ la fi ń dí i, lójoojúmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. A kì í sì í kó iyùn sínú táǹkì tuntun kí bakitéríà tó fìdí múlẹ̀, èyí tí ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ohun tí a ó ṣọ́ra fún

Ẹ̀dá tí kò ní egungun láti sá sí, májèlé ni ó fi ń jà. Sarcophyton àti Sinularia ń tú kẹ́míkà tí ó lè pa iyùn olókùúta lára sínú omi, ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú fi ń lo èédú asẹ́. Ewu ti Palythoa, ìbátan Zoanthus, kan ènìyàn gan-an. Lára Palythoa láti Hawaii ni Richard Moore àti Paul Scheuer ti yọ palytoxin, tí wọ́n ròyìn ní 1971, ọ̀kan nínú àwọn májèlé tí ó le jù tí a mọ̀. Ẹni tí ó bá ń fọwọ́ kan wọn gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kò sì gbọdọ̀ se òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀, nítorí ooru omi rẹ̀ lè gbé májèlé náà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ewu kejì jẹ́ ti òkun fúnra rẹ̀. Ní etíkun Venezuela, Unomia stolonifera, ọ̀kan nínú àwọn ìbátan Xenia, tí ilé rẹ̀ jẹ́ òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ti tẹ́ bo iyùn ìbílẹ̀ àti ewé òkun mọ́lẹ̀. Òwò táǹkì ni wọ́n kà sí ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Agbára tí ń jẹ́ kí iyùn rírọ̀ fara da àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń jẹ́ kí ó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù nínú táǹkì, kí a gé e fún olùtọ́jú mìíràn, tàbí kí a sá a gbẹ pátápátá kí a tó sọ ọ́ nù. Kí ohunkóhun láti inú táǹkì, títí kan omi rẹ̀, má ṣe dé inú ọ̀sà tàbí òkun.